Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Tí Windows 11 Kọ̀: Bí A Ṣe Ń Nù Ún Mọ́ Tí A Sì Ń Gbé Ètò Tuntun Sí I

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ṣì ń rí àtúnṣe ààbò gbà fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò bá sí nínú ètò yẹn ti dà bí ilé tí ògiri rẹ̀ lanu tí kò sì sí ẹni tí yóò bá onílé dí i. Windows 11 tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ẹ̀rọ àgbà wọlé, nítorí pé ó ń béèrè ṣíìpù ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè púrósẹ́sọ̀ Intel ìran 8 tàbí èyí tí ó tún wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ń lò nílé, nílé ìwé àti ní ìsọ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lenovo ThinkPad T430 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ọdún 2012 ni ó jáde, Intel ìran 3 ni púrósẹ́sọ̀ rẹ̀, TPM 1.2 sì ni ṣíìpù ààbò rẹ̀. Síbẹ̀ egungun rẹ̀ le, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dùn ún tẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun lọ, ìdí rẹ̀ sì ṣeé tú pẹ̀lú súkúrúdíráfà kan ṣoṣo. Ètò ìdarí rẹ̀ ni ó gbó, èyíinì ni ètò tí ó ń mú kí ẹ̀rọ ṣí, kí ó mọ kíbọ́ọ̀dù àti dísìkì rẹ̀, kí ó sì gbà kí a lo sọ́fítíwíà lórí rẹ̀. Ètò ìdarí ṣeé pààrọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fọ́máàtì nìyẹn, bí a bá ṣe é dé ìdí: kí a pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì rẹ́, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí ó mọ́.

Pípa dísìkì rẹ́ kò le. Láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ètò tuntun ti wọlé. Iṣẹ́ gidi ni èyí tí a ó ṣe kí a tó tẹ bọ́tìnnì ìpaarẹ́, ibẹ̀ náà ni n ó sì ti pẹ́ jù.

Èwo ni kí a gbé sí i?

Linux Mint, ètò ìdarí kan tí kì í ṣe ti Microsoft, ni mo máa ń gbé sí irú ẹ̀rọ yìí, pàápàá ẹ̀dà Xfce tí ó fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí kọ́kọ́rọ́ tí a ó rà, kò sì sí èyí tí a ó jí. Ìran 22 rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù Keje ọdún 2024 tí wọ́n sì kọ́ lórí Ubuntu 24.04, yóò máa gba àtúnṣe títí di ọdún 2029. RAM GB 2 ni ó kéré jù tí ó lè fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n GB 4 ni ó ti ń rọrùn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi kún un tó GB 8 bí owó bá wà. Ní ti àyè lórí dísìkì, GB 20 ni ó kéré jù, GB 100 sì ni ó tẹ́rùn.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí sọ́fítíwíà tí wọn kò ṣe fún Linux, bíi QuickBooks orí dísìkì tàbí Photoshop, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún Windows 10 gbé sí i, kí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ààbò, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kówó jọ fún ẹ̀rọ mìíràn. Gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí bá a mu bákan náà. Bí Windows 10 bá ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ tòótọ́ tẹ́lẹ̀ rí, kò ní láti ra kọ́kọ́rọ́ mìíràn: kí ó yan "I don't have a product key", kí ó mú irú Windows tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home tàbí Pro, ẹ̀rọ náà yóò sì dá ara rẹ̀ mọ̀ nígbà tí ó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí n kò fẹ́ kí ẹ gbà rárá ni Windows tí wọ́n fi ọgbọ́n jìbìtì ṣí, tí wọ́n ń gbé kiri lórí fíláàṣì. Ẹ kò mọ ohun tí ẹni tí ó ṣí i kó pamọ́ sínú rẹ̀, orí ẹ̀rọ náà ni ẹ ó sì ti máa tẹ pásíwọ́ọ̀dù báńkì yín.

Kíkó ẹrù jáde

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan tí ó jẹ́ olùkọ́ gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fún mi. Mo bi í pé, "Mà, ṣé ẹ ti kó gbogbo fáìlì yín?" Ó ní, "Ọmọ mi, inú Documents ni gbogbo rẹ̀ wà, mo ti kó o." Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, mo sì pa dísìkì rẹ́. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí pé òun kò rí àwòrán ìsìnkú ìyá òun. Ọmọ rẹ̀ ni ó kó wọn láti inú kámẹ́rà sínú fóldà kan tí ó dá sí ojú C gbangba, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò bú mi, ó kàn dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba "mo ti kó o" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, bí ó ti wù kí ó dá a lójú tó. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣí dísìkì wò pẹ̀lú onílé, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ṣí dísìkì C, kí ẹ wo fóldà tí kì í ṣe ti Windows níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú Users, kí ẹ sì ṣí orúkọ olúkúlùkù tí ó ń lo ẹ̀rọ náà, nítorí pé ọmọ, ìyàwó tàbí akọ̀wé lè ní tirẹ̀ níbẹ̀. Desktop ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó nǹkan sí láìrò ó, Downloads sì ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti rìsíìtì máa ń sùn sí. Ẹni tí ó ń lo Outlook ní fáìlì ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst, inú rẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tí ó gbà láti ọdún pípẹ́ lè wà. Onísòwò tí ó ń fi QuickBooks ṣe ìṣirò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fáìlì iléeṣẹ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .qbw, tí ó sì sábà máa ń wà lábẹ́ fóldà Public tí kì í sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ẹ wo inú bíráúsà pẹ̀lú: àwọn ojú ìwé tí ẹ fi pamọ́ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ó ń bá yín rántí yóò lọ pẹ̀lú dísìkì, àyàfi bí ẹ bá ti so wọ́n mọ́ àkáǹtì yín tàbí kí ẹ kó wọn jáde sí fáìlì.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan lè wà lórí dísìkì ìta, èkejì lórí fíláàṣì tàbí lórí Google Drive bí dátà bá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kó wọn tán, ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fóldà àkọ́kọ́, kí ẹ yan "Properties", kí ẹ sì ka iye fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dà. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ohun kan ti jábọ́ lọ́nà. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí àwòrán mẹ́ta, ìwé méjì àti fídíò kan nínú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, bẹ́ẹ̀ sì ni fíláàṣì ayédèrú pọ̀ lọ́jà: yóò kọ GB 64 sí ara, yóò gba fáìlì yín láìṣàròyé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn, òfìfo ni ẹ ó bá. Sọ́fítíwíà kékeré ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ H2testw, tí ó máa ń kọ nǹkan kún fíláàṣì tí yóò sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ fi dán fíláàṣì wò nígbà tí kò tíì sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Ìlera dísìkì

Bí dísìkì bá ń kú lọ, ètò tuntun kò lè wò ó sàn. Nígbà tí Windows ṣì ń ṣí, ẹ gbé CrystalDiskInfo, sọ́fítíwíà tí ń yẹ ìlera dísìkì wò, sórí rẹ̀ kí ẹ sì wo àwọ̀ tí ó bá fi hàn. "Good" túmọ̀ sí pé kò sí ewu tí ó hàn. "Caution" túmọ̀ sí pé kí ẹ yẹ ìlà mẹ́ta wò: 05, C5 àti C6. Ìlà C5 ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí pé òun ni ó ń ka àwọn ibi tí dísìkì kò rí kà dáadáa mọ́. Bí iye rẹ̀ kò bá jẹ́ òdo, tàbí bí ẹ bá ń gbọ́ tíkì-tíkì nínú ẹ̀rọ, ẹ kó fáìlì yín jáde lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ sì ra dísìkì mìíràn.

Ní tòótọ́, bí dísìkì tí ń yí ni ó ṣì wà nínú T430 yín, kódà bí ara rẹ̀ bá le, n ó sọ pé kí ẹ fi SSD, irú dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Kò sí owó kan tí a lè ná sára ẹ̀rọ àgbà tí ẹ ó rí èrè rẹ̀ kíákíá tó èyí. Ẹ béèrè SSD SATA onínṣì 2.5, tí ó nípọn ní mílímítà 7, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà àdúgbò yín. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná àti bátìrì, ẹ tú súkúrúù kan ṣoṣo tí ó di ìdérí àyè dísìkì mú ní ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ sì rọra fa dísìkì jáde. Rọ́bà dúdú méjì ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bọ́ wọn kúrò kí ẹ fi wọ SSD, kí ẹ sì tì í wọlé títí yóò fi jókòó. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀: dísìkì àtijọ́ yóò wà lọ́wọ́ yín bí ó ti rí, bí ẹ bá sì gbàgbé ohun kan, ẹ lè padà lọ mú un.

Mímú fíláàṣì tí a ó fi gbé e wọlé

Fíláàṣì tí ó tó GB 8 ti tó. Ẹ má ṣe lo èyí tí ẹ kó fáìlì yín sí, nítorí pé gbogbo ohun orí rẹ̀ yóò parẹ́. Ẹ lọ sí linuxmint.com fúnra yín, kí ẹ mú ẹ̀dà Xfce. Fáìlì náà tó bíi GB 3, ìdí nìyí tí mo fi máa ń lo ọ̀nà torrent: bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ibi tí ó dé ni yóò ti tẹ̀síwájú, kò ní jẹ́ kí a tún dátà ná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ó bá wọlé tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun gan-an ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ ojú ìwé Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn tí ó ń wá ẹ̀dà 17.3 Cinnamon sí fáìlì tí wọ́n ti bà jẹ́. Àwọn tí ó yẹ fáìlì wọn wò ni ó ní ọ̀nà láti mọ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí "Command Prompt", ẹ lọ sí fóldà tí fáìlì wà, kí ẹ sì kọ ìlà yìí, kí ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀:

certutil -hashfile linuxmint.iso SHA256

Yóò kọ nọ́ńbà àti lẹ́tà gígùn kan jáde. Ẹ fi wé èyí tí ó wà nínú fáìlì sha256sum.txt tí àwọn tí ó ṣe Mint gbé síta. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má lò ó.

Rufus, sọ́fítíwíà kékeré kan lórí Windows, ni ẹ ó fi kọ ọ́ sórí fíláàṣì. Ẹ yan fíláàṣì yín lókè, ẹ yan fáìlì Mint, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí Rufus ṣe gbé wọn kalẹ̀, kí ẹ sì tẹ "Start". Bí ó bá béèrè ọ̀nà ìkọ̀wé, ẹ mú èyí tí ó sọ pé òun dámọ̀ràn.

Ṣíṣí ẹ̀rọ láti orí fíláàṣì

Ẹ ronú ọ̀rọ̀ iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ọ̀pọ̀ T430 kì í gbé e ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ mọ́, bí iná bá sì lọ nígbà tí ètò ń kọ ara rẹ̀ sórí dísìkì, ẹ ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lo ínfátà, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn pẹ̀lú epo tí ó tó wákàtí kan.

Ẹ fi fíláàṣì sí i, ẹ tan ẹ̀rọ, bí orúkọ Lenovo bá ti jáde, ẹ máa tẹ F12 léraléra títí àkójọ ohun tí ó lè ṣí yóò fi hàn. F12 náà ni ti Dell àti ti ọ̀pọ̀ Acer. F9 ni ti HP. Bí fíláàṣì bá hàn lẹ́ẹ̀mejì, tí UEFI wà níwájú ọ̀kan, òun ni kí ẹ mú. Bí kò bá hàn rárá, ẹ tún ẹ̀rọ tan, kí ẹ tẹ F1 láti wọ BIOS, ibi tí a ti ń ṣètò ẹ̀rọ kí ètò ìdarí tó ṣí, F2 fún Dell, F10 fún HP, kí ẹ sì wo bóyá wọ́n ti pa ṣíṣí láti orí USB níbẹ̀.

Ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá wà nínú BIOS. Bí ó bá sọ pé ọdún 2012 ni a wà, bátìrì kékeré CR2032 inú ẹ̀rọ ti kú. Ẹ lè rò pé kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò mọ ọjọ́ yóò máa sọ pé ojú ìwé báńkì kò ní ààbò, Mint náà yóò sì kọ̀ láti gba àtúnṣe torí pé àtúnṣe náà dà bí ohun tí ó ti ọjọ́ iwájú wá lójú rẹ̀.

Mint yóò ṣí láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan dísìkì yín. Ẹ fi èyí ṣe ìdánwò: ẹ kan Wi-Fi, ẹ gbọ́ orin, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù. Wi-Fi T430 tí ó jẹ́ ti Intel sábà máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀; ti Broadcom tí ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi wáyà USB so fóònù Android mọ́ ọn, kí ẹ tan "USB tethering" lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì wọlé.

Ibí yìí náà ni àǹfààní ìkẹyìn. Bí dísìkì àtijọ́ bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹ ṣí i láti inú Mint kí ẹ tún wò ó kiri. Ọ̀nà yìí kan náà ni a fi ń kó fáìlì jáde nínú ẹ̀rọ tí Windows rẹ̀ kò ṣí mọ́. Bí ó bá béèrè nọ́ńbà gígùn tí ó ní díjíìtì 48 lọ́wọ́ yín kí ó tó ṣí dísìkì, BitLocker, àgádágodo Windows fún dísìkì, ni ó tì í, inú àkáǹtì Microsoft ẹni tí ó ni ín ni ẹ ó sì ti wá nọ́ńbà náà.

Gbígbé e kalẹ̀

Ẹ yọ dísìkì ìta tí ẹ kó fáìlì sí kúrò lára ẹ̀rọ pátápátá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ibí gan-an ni àwọn ènìyàn ti ń pa ẹ̀dà wọn rẹ́ dípò dísìkì àtijọ́.

Ẹ tẹ "Install Linux Mint" lẹ́ẹ̀mejì lójú Desktop. Yóò béèrè èdè, lẹ́yìn náà kíbọ́ọ̀dù. Lábẹ́ Nigeria nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí Yoruba níbẹ̀. Ẹ lè mú un báyìí, tàbí kí ẹ fi kún un nígbà tí ẹ bá parí. Ẹ tẹ àpótí kékeré tí ó sọ̀rọ̀ nípa "multimedia codecs" kí orin àti fídíò lè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ó bá dé "Installation type", ẹ yan "Erase disk and install Linux Mint". Bí dísìkì bá ju ọ̀kan lọ, yóò béèrè èwo; ẹ fi ìwọ̀n GB rẹ̀ dá a mọ̀. Lẹ́yìn "Install Now", àpótí kan yóò jáde tí yóò béèrè bóyá kí ó kọ àyípadà náà sórí dísìkì. Ẹ dúró. Ẹ ka orúkọ dísìkì tí ó wà nínú àpótí náà sókè ketekete, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó tẹ "Continue". Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìpadàsẹ́yìn.

Ó kù kí ẹ yan Lagos fún aago, kí ẹ kọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé, torí pé òun ni ètò yóò máa béèrè nígbà gbogbo tí ẹ bá fẹ́ gbé sọ́fítíwíà sí i. Nígbà tí ó bá parí, yóò ní kí ẹ yọ fíláàṣì kí ẹ sì tẹ Enter.

Ọjọ́ kìíní lórí ètò tuntun

Ẹ má tíì kó fáìlì yín padà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí "Update Manager", tí àwòrán apata ń ṣojú fún nísàlẹ̀, kí ẹ gba gbogbo àtúnṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ yìí máa ń jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà ẹ ra èyí tí ó tó. Ẹ ṣí "Driver Manager" lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá bí Wi-Fi bá jẹ́ ti Broadcom. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí Timeshift kí ẹ sì ní kí ó ya àwòrán ètò náà sílẹ̀ bí ó ti rí báyìí. Bí àtúnṣe kan bá da nǹkan rú lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó lè dá ètò padà sí ọjọ́ òní. Ṣùgbọ́n ètò nìkan ni Timeshift ń tọ́jú o, kì í tọ́jú fáìlì yín.

Nígbà náà ni kí ẹ wá kó ẹrù wọlé, kí ẹ sì ṣí lára rẹ̀ wò níwájú onílé. LibreOffice yóò ṣí ìwé Word àti Excel. Bí ẹ ó bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń lo Windows, ẹ fi í pamọ́ ní irú .docx. Ẹ má ṣe pa ẹ̀dà méjèèjì tí ẹ ṣe rẹ́ títí oṣù kan yóò fi kọjá, nítorí pé fáìlì tí a gbàgbé kì í sábà jẹ́ kí a rántí òun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta dísìkì àtijọ́ tí ẹ yọ, tàbí kí ẹ fi tọrẹ, lẹ́yìn oṣù kan yẹn náà ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì mọ̀ pé fífọ́máàtì rẹ̀ lásán kò pa ohun orí rẹ̀ rẹ́ tán. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú wáyà tí ń so dísìkì SATA mọ́ USB, ẹ kọ lsblk nínú Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ nínú Mint, láti mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá kọ ìlà yìí, kí ẹ fi orúkọ náà rọ́pò sdX:

sudo shred -v -n 1 /dev/sdX

Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Ẹ wo orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter.